Óákù Inú Bíbélì àti Ìrókò Ilẹ̀ Rẹ́mọ: Igi Wo Ni Kí A Gbìn fún Àwọn Tí Ń Bọ̀ Lẹ́yìn Wa?

Láti ìgbà tí ìmúrasílẹ̀ fún ayẹyẹ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń mú ìbéèrè méjì tọ̀ wá wá. Èkíní wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa tí wọ́n ń gbé ní ìlú Òyìnbó. Wọ́n fẹ́ kí a gbin igi óákù sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ fún ìrántí, nítorí pé igi náà a máa pẹ́ láyé, Bíbélì sì dárúkọ rẹ̀. Èkejì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn òbí tí ń bẹ nílé. Wọ́n ní, bí óákù kò bá ṣeé gbìn níhìn-ín, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a gbin ìrókò sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ lórúkọ Kristi? Ìbéèrè méjèèjì yẹ fún ìdáhùn. Nítorí náà a ó kọ́kọ́ sọ irú igi tí óákù í ṣe, a ó sì wo ipò rẹ̀ nínú Ìwé Mímọ́. Lẹ́yìn náà a ó sọ ìdí tí a fi gbà pé ìrókò ni óákù tiwa, àti bí a ṣe ń gbìn ín àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Óákù kì í ṣe igi ilẹ̀ wa

Óákù pọ̀ ní irú. Èyí tí àwọn onímọ̀ ti kà lé ní 400. Ó ń hù ní Yúróòpù, ní Éṣíà àti ní Amẹ́ríkà. Ní Áfíríkà, apá àríwá ni a ti ń bá a, bíi ní Mòrókò àti Àlìjéríà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jẹ́ ọmọ bíbí igbó ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Èyí tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ jù lọ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Quercus robur. Igi yìí a máa wọ́wé nígbà òtútù, a sì sinmi fún oṣù mélòó kan bí ẹni tí ó sùn. Nígbà tí ilẹ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í móoru ni ó máa ń jí, tí yóò sì rúwé. Bẹ́ẹ̀ ni Ẹlẹ́dàá ṣe dá a. Rẹ́mọ kò ní irú òtútù bẹ́ẹ̀. Ọyẹ́ wa a máa mú kí ètè ènìyàn là, ṣùgbọ́n kì í mú kí omi dì. Bí ẹnìkan bá gbin èso óákù Gẹ̀ẹ́sì sí Ṣàgámù tàbí Ìkẹ́nnẹ́, ó lè hù, ṣùgbọ́n igi tí kò rí ìsinmi tí a dá mọ́ ọn kò lè lágbára bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó wà nílé.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ó yẹ kí àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè mọ̀. Òfin kò fàyè gba kí a kó irúgbìn tàbí ọ̀gbìn láti òkèèrè wọ Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ ìjọba tí ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò ní ibodè. Ìdí rẹ̀ ni pé kòkòrò àti àrùn lè fara pamọ́ sínú èso kékeré kan, kí wọ́n sì ba oko gbogbo ìlú jẹ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe di èso óákù sínú àpótí aṣọ wálé.

Àmọ́, bí ẹ bá fẹ́ gbin óákù sí ibi tí ẹ ń gbé, iṣẹ́ rere ni. Ẹ ṣa èso rẹ̀ nígbà tí ewé bá ń wọ́, láti oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá. Ẹ dà á sínú omi. Ẹ da èyí tí ó bá léfòó nù, kí ẹ sì gbin èyí tí ó bá rì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó gbẹ kí ẹ tó gbìn ín, nítorí gbígbẹ a máa pa á. Ẹ kì í bọlẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan, kí ẹ sì fi àwọ̀n wáyà bò ó kí eku àti ọ̀kẹ́rẹ́ má ba à hú u jẹ. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, ẹ ṣí i lọ sí ààyè rẹ̀ nígbà òtútù tí igi náà bá ń sùn. Ẹ jẹ́ kí ó jìnnà sí ilé, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ a máa lọ jìnnà láti wá omi. Kí ẹ sì mọ̀ pé irú óákù Gẹ̀ẹ́sì yìí lè tó 40 ọdún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so. Ẹni tí ó bá gbìn ín ní ẹni ọgbọ̀n ọdún yóò ti di àgbàlagbà kí ó tó rí èso rẹ̀.

Ipò óákù nínú Ìwé Mímọ́

Ẹni tí ó bá ka Májẹ̀mú Láéláé dáadáa yóò rí óákù ní ibi pàtàkì pàtàkì. Lábẹ́ óákù tí ó wà lẹ́bàá Ṣékémù ni Jákọ́bù bo àwọn òrìṣà àjèjì tí ilé rẹ̀ kó wá fún un mọ́lẹ̀. Lábẹ́ óákù ni wọ́n sin Dèbórà, olùtọ́jú Rèbékà, tí ibẹ̀ sì gba orúkọ nítorí ẹkún tí wọ́n sun. Lábẹ́ óákù ni Jóṣúà gbé òkúta ńlá kan ró sí, nígbà tí òun àti àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tún májẹ̀mú wọn ṣe, kí ó lè jẹ́ ẹ̀rí. Lábẹ́ óákù ní Ófírà ni áńgẹ́lì jókòó sí nígbà tí ó tọ Gídíónì wá. Lára óákù náà sì ni orí Ábúsálómù há sí nígbà tí ìbaaka rẹ̀ gba abẹ́ ẹ̀ka lọ.

Àwọn tí ó kọ́ èdè Hébérù mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí àwọn olùtumọ̀ pè ní óákù ju ọ̀kan lọ, àti pé ọ̀kan nínú wọn lè jẹ́ igi mìíràn tí ó fara jọ óákù ní ìtóbi àti ní ìbòòji. Óákù ilẹ̀ Kénáánì pàápàá kì í ṣe irú kan náà pẹ̀lú ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó ṣe pàtàkì sí wa ni iṣẹ́ tí igi náà ń ṣe láàárín àwọn ènìyàn. Òun ni àmì ibi tí a ti pàdé, tí a ti dá májẹ̀mú, tí a ti sin òkú, tí arìnrìn-àjò sì ti rí òjìji. Bí a bá béèrè lọ́wọ́ àwọn bàbá wa ní Rẹ́mọ pé igi wo ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níhìn-ín, ìrókò kò ní í gbẹ́yìn nínú ìdáhùn wọn.

Irú igi tí ìrókò í ṣe

Milicia excelsa ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún ìrókò lónìí. Chlorophora excelsa ni ìwé àtijọ́ ń pè é. Odum ni àwọn ará Gánà ń pè é, àwọn oníṣòwò Òyìnbó sì ń pè é ní tíìkì Áfíríkà. Mọ̀lẹ́bí ọdán àti ọ̀pọ̀tọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí oje funfun fi ń jáde bí a bá ṣá èèpo rẹ̀. Ó lè ga tó mítà 50, ìtí rẹ̀ a sì máa lọ sókè gbọnrangandan fún nǹkan bí mítà 20 kí ó tó ya ẹ̀ka. Ikán kì í fẹ́ràn pákó rẹ̀, òjò kì í sì tètè rà á. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń fi í ṣe ilẹ̀kùn, fèrèsé, àga ilé ìjọsìn àti ọkọ̀ ojú omi.

Ìrókò tún ní ohun ìyanu kan nínú. Àwọn alápákó mọ̀ pé ayùn a máa pàdé òkúta nínú ìtí rẹ̀ nígbà mìíràn, tí eyín ayùn yóò sì kán. Igi náà fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe òkúta yìí. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kan náà ni ohun tí ó wà nínú òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà ní ẹ̀gbẹ́ Ṣàgámù láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Ẹ wo bí Olódùmarè ti fi ohun tí ènìyàn ń fi ẹ̀rọ ńlá wà sínú ikùn igi tí kò pariwo.

Nígbà tí ìlú 13 para pọ̀ di Ṣàgámù ní ọdún 1872, ilẹ̀ igbó ni wọ́n tẹ̀dó sí. Nígbà tí àwọn bàbá wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbin obì àti kòkó, wọn kì í sábà gé ìrókò tí wọ́n bá bá nínú oko; wọ́n a fi í sílẹ̀ kí ó máa ṣíji bo irúgbìn. Lẹ́yìn èyí ni àwọn onígẹdú dé pẹ̀lú ayùn alẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn wọn ni ọ̀nà márosẹ̀, lẹ́yìn ọ̀nà ni púlọ́ọ̀tì, lẹ́yìn púlọ́ọ̀tì ni ilé. Lónìí, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa lè ka òwe ìrókò nínú ìwé kí ó sì yege nínú ìdánwò, láìjẹ́ pé ó fi ojú rí igi náà rí. Àjọ àgbáyé tí ń tọ́jú ohun ẹlẹ́mìí, tí a mọ̀ sí IUCN, ti ka ìrókò mọ́ àwọn tí wọ́n súnmọ́ ewu ìparun. A kò lè fi ọ̀rọ̀ igi náà sílẹ̀ fún ìjọba nìkan. Àwa tí a ní ilẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ilẹ̀ ìjọ àti ilẹ̀ ìdílé ní ipa tiwa láti kó.

Ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù

A dé ibi tí bàtà ti ń ta àwọn òbí kan lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní ìrókò kì í ṣe igi lásán. Wọ́n ní olúwéré ń gbé inú rẹ̀, àti pé gbogbo wa ni a gbọ́ ìtàn Olúrónbí nígbà tí a wà léwe. Wọ́n bẹ̀rù pé bí a bá gbìn ín sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, a ti ṣílẹ̀kùn fún ohun tí àwọn baba ìgbàgbọ́ wa tì síta.

A kò fi ìbẹ̀rù yìí ṣẹ̀sín, nítorí Ìwé Mímọ́ fúnra rẹ̀ mọ ohun tí a ń sọ. Wòlíì Hóséà bá Ísírẹ́lì wí nítorí pé wọ́n ń rúbọ lábẹ́ óákù, ó sì sọ pé dídára òjìji rẹ̀ ni ó fà wọ́n síbẹ̀. Ẹ kíyèsí i pé àwọn olùrúbọ ni wòlíì náà bá wí, kò bá igi wí. Ẹ tún wo Gídíónì. Ó gé ère òrìṣà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ Báálì, ó sì fi igi rẹ̀ dáná ẹbọ sísun. Ṣùgbọ́n a kò kà á níbì kankan nínú orí náà pé ó gé óákù tí áńgẹ́lì jókòó sí abẹ́ rẹ̀. Ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ọwọ́ ènìyàn gbé ró láti máa bọ àti ohun tí ọwọ́ Ọlọ́run gbìn.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ mìíràn fún ara wa. A ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí ìjọ kan gé ìrókò ọgbà rẹ̀ nítorí pé wọ́n ní ẹ̀mí òkùnkùn ń gbé ibẹ̀. Onígẹdú ni wọ́n ń pè wá gé e. Owó táṣẹ́rẹ́ ni onígẹdú ń san, nítorí ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í ná ọjà pẹ́. Láìpẹ́, igi tí a bẹ̀rù nígbà tí ó dúró yóò ti di ilẹ̀kùn àti àga nínú ilé ìjọsìn mìíràn, ẹnikẹ́ni kì yóò sì bẹ̀rù àtijókòó lórí rẹ̀. Bí olúwéré kò bá bá pákó lọ sí ilé ìlapákó, kí ni a ń gé igi fún?

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kẹ́ńyà lè kọ́ wa lọ́gbọ́n. Wangari Maathai, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ agbingi Green Belt Movement sílẹ̀ ní 1977, tí ó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 2004, kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ pé ìyá òun kìlọ̀ fún òun ní kékeré pé kí òun má ṣe ṣẹ́gi ìdáná lára igi ọ̀pọ̀tọ́ ńlá kan, nítorí igi Ọlọ́run ni. Odò kékeré kan ń sun nítòsí igi náà. Nígbà tí ó ti òkè òkun dé lẹ́yìn ọdún púpọ̀, wọ́n ti gé igi náà láti fi ààyè rẹ̀ gbin tíì. Odò náà sì ti gbẹ. Gbòǹgbò igi náà ni ó ti ń ṣe ọ̀nà fún omi abẹ́ ilẹ̀. Àwọn àgbà mọ̀ pé igi náà wúlò. Èdè ìbọ̀wọ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Àwa Kristẹni lè sọ ọ́ ní èdè tiwa pé ohun tí Ọlọ́run dá ni, a ó sì jíhìn nípa rẹ̀. A kì í bọ igi, bẹ́ẹ̀ ni a kì í bá igi jà.

Bí a ṣe ń rí irúgbìn ìrókò

Ìrókò ní akọ, ó sì ní abo, gẹ́gẹ́ bí ìbẹ́pẹ ti rí. Akọ a máa tanná, kì í so. Abo ni ó ń so, ṣùgbọ́n kò lè so èso tí yóò hù láìsí akọ nítòsí. Òwe wa sọ pé igi kan kì í dá igbó ṣe. Ní ti ìrókò, òótọ́ pọ́ńbélé ni. A kò lè fi ojú mọ akọ yàtọ̀ sí abo nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Nítorí náà, kí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ìjọ tí ó bá fẹ́ gbìn ín má ṣe gbin ẹyọ kan ṣoṣo.

Ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn sí àkọ́rọ̀ òjò ni èso rẹ̀ máa ń gbó tí ó sì ń já bọ́. Èso náà tútù ní àwọ̀, ó rọ̀, ó sì gùn bí ìka ọwọ́. Àdán fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Irú àdán ńlá tí ń gbé lórí igi ní ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ wà lára àwọn tí ń jẹ ẹ́, tí wọ́n sì ń gbé kóró rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá ń lé àdán mọ̀ pé àgbẹ̀ ìrókò ni òun ń lé.

Ẹ ṣa èso tí ó já bọ́ láìjẹ́ kí ó pẹ́ nílẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, ẹ fọwọ́ fọ́ ọ, kí ẹ sì máa ṣan ẹran ara rẹ̀ dànù. Kóró tí ó bá rì ni kí ẹ mú. Ó kéré ju hóró ata lọ. Ẹ sá a sí ibòòji, kí ẹ sì gbìn ín láìpẹ́, nítorí kì í pẹ́ nípamọ́ kí agbára rẹ̀ tó tán. Ẹ da iyẹ̀pẹ̀ ààtàn tí a ti jọ̀ pọ̀ mọ́ yanrìn díẹ̀ sínú àpótí pákó tí a lu ìdí rẹ̀. Ẹ fọ́n kóró náà sórí rẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, kí iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ ó fi bò ó má ju kí ó kàn pa ojú rẹ̀ mọ́ lọ. Omi tí a wọ́n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni ó fẹ́; bí a bá da omi lù ú, gbogbo rẹ̀ yóò ṣàn lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni ó máa ń hù. Nígbà tí ó bá yọ ewé bíi mẹ́rin, ẹ ṣí i sínú ọ̀rá dúdú irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ fi ń gbin èhù kòkó, kí ẹ sì fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ìbòòji fún un.

Ẹni tí kò bá ní sùúrù fún gbogbo èyí lè béèrè èhù lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ igbó. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní FRIN wà ní Ìbàdàn láti 1954. Ẹ̀ka ìmọ̀ igbó sì wà ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí kò jìnnà sí wa.

Ọ̀tá rẹ̀ nígbà èwe

Ohun tí ó ń pa ìrókò jù lọ ní kékeré ni kòkòrò tíńtín kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytolyma. Ó ń yé sí ara ọ̀mùnú ewé. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá wọ inú ewé, ibẹ̀ yóò wú bí eéwo. Nígbà tí eéwo náà bá bẹ́, ewé àti orí igi yóò rà, igi náà yóò sì gbẹ láti òkè wá sílẹ̀. Nítorí kòkòrò yìí ni oko tí a gbin ìrókò nìkan sí fi sábà máa ń parun. Ìtọ́jú rẹ̀ kò nira púpọ̀. A kì í kó ìrókò jọ sójú kan. Àárín àwọn igi mìíràn ni a ń gbìn ín sí, kí ibòòji díẹ̀ sì máa bò ó ní ọdún àkọ́kọ́. Bí ẹ bá rí ewé tí ó wú, ẹ já a, kí ẹ sì sun ún kí ó tó bẹ́. Bí igi náà bá ti ga kọjá orí ènìyàn dáadáa, kòkòrò náà kì í sábà lè pa á mọ́.

Gbígbìn àti ìtọ́jú

Kí a tó mú ọkọ́, kí a kọ́kọ́ yan ààyè. Igi tí yóò ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ kì í ṣe igi ẹ̀yìn fèrèsé. Kí ó jìnnà sí ilé, kànga, ṣalángá àti wáyà iná ní mítà 20, ó kéré tán. Bí ààyè bá sì wà, kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbẹ́ ọgbà, ìpẹ̀kun pápá ìṣeré tàbí etí oko ilé-ẹ̀kọ́ ni ó dára jù. Kí àlàfo mítà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà láàárín ọ̀kan àti èkejì, kí a sì gbin igi mìíràn bí àfàrà, oganwó tàbí ọsàn sáàárín wọn. Púlọ́ọ̀tì kékeré kò gba ìrókò. Kí ẹni tí ó ní irú rẹ̀ gbin ọsàn, kí ó sì fi owó ran ìrókò ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́.

Oṣù karùn-ún sí oṣù keje ni ìgbà tí ó dára jù láti gbé e sílẹ̀, kí gbòǹgbò rẹ̀ lè múlẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ẹ gbẹ́ kòtò tí ó jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, tí ó sì fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ po iyẹ̀pẹ̀ òkè rẹ̀ mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà. Ẹ ya ọ̀rá náà kúrò pátápátá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa gbin igi tọ̀rá-tọ̀rá, gbòǹgbò rẹ̀ yóò sì ká bí òkú ejò sínú rẹ̀. Ẹ tẹ ilẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ bu omi sí i, kí ẹ sì kó koríko gbígbẹ yí i ká láìjẹ́ kí ó kan ara igi. Ẹ fi ọparun ṣe ọgbà yí i ká, nítorí ewúrẹ́ kò mọ̀ pé igi àjọ̀dún ni.

Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ ni ìdánwò rẹ̀. Láti oṣù kọkànlá títí òjò yóò fi rọ̀, kí igi kọ̀ọ̀kan máa rí garawa omi kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kí a ro ìdí rẹ̀ mọ́, kí iná ìgbẹ́ má ba à jó o. Ní ọdún kejì àti ìkẹta, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ àti orí kejì bí ó bá là sí méjì, kí ìtí rẹ̀ lè lọ tààrà. Ibí yìí gan-an ni òwe wa ti wá: láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ ni a máa ń fi òwe náà sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ni kí ó tó di ọ̀rọ̀ olùkọ́.

Nígbà tí igi bá dàgbà, ohun tí a kò ní í ṣe sí i ni ìtọ́jú rẹ̀. A kì í kan ìṣó mọ́ ọn láti fi gbé ìwé ìpolówó kọ́. A kì í da sìmẹ́ǹtì yí ìdí rẹ̀ ká títí yóò fi kan ara rẹ̀, nítorí gbòǹgbò a máa mí. A kì í sun pàǹtírí sí ìdí rẹ̀. Bí ẹ̀ka gbígbẹ bá wà ní òkè, kí a pe ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà kí ìjì tó sọ ọ́ kalẹ̀. Bí ó bá di dandan kí a la ìrókò, kí káfíńtà fi aṣọ bo imú, nítorí ìyẹ̀fun pákó rẹ̀ a máa fa ikọ́ àti ara yíyún fún àwọn kan.

Ta ni yóò rí òjìji rẹ̀?

Àwọn onímọ̀ sọ pé ìrókò a máa gba ọdún 50 sí 80 kí ó tó tó igi tí a lè là. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí ń ka ìwé yìí kò ní í sí láyé nígbà náà. Ìdí nìyí tí igi fi yàtọ̀ sí àwọn ẹ̀bùn tí a máa ń fún ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ àjọ̀dún. Ẹni tí ó kọ́ géètì yóò rí orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀ ní ọjọ́ ìṣílé. Ẹni tí ó ra jẹnẹrétọ̀ yóò gbọ́ ariwo rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tí ó gbin ìrókò yóò rí ewé mẹ́rin àti ọgbà ọparun.

Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni àwọn olùdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa ṣe. Wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì dá owó jọ fún ọmọ tí wọn kò mọ̀, láti ìdílé tí wọn kò bá tan. Lábẹ́ ohun tí wọ́n gbìn ni a jókòó sí tí a fi mọ̀wé. Èyí ni ìdí tí a fi ń bẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ pé kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan gbin ìrókò kan pẹ̀lú àwọn igi mìíràn ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Kí a yan ọmọ kíláàsì kìíní méjì fún igi kọ̀ọ̀kan láti máa bu omi sí i. Kí wọ́n fi lé àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá jáde. Kí àwọn òbí sì bá wa sọ fún àwọn ọmọ nílé pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni igi náà, pé kò sí ohun tí a ó bẹ̀rù lára rẹ̀ bí kò ṣe kí a fi òùngbẹ pa á.

Ìdáhùn wa sí ìbéèrè méjèèjì nìyí. Ẹni tí ó wà ní ilẹ̀ òtútù, kí ó gbin óákù síbẹ̀. Ẹni tí ó wà ní Rẹ́mọ, kí ó gbin ìrókò. Kí Ọlọ́run tí ó ń mú irúgbìn hù bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí àwọn ọmọ wa àti àwọn ọmọ ọmọ wa sì rí òjìji jókòó sí. Àmín.